Ta Ló Rán Aṣọ Balógun?

Yàrá kan ṣoṣo ni ọ́fíìsì Ọ̀gá Ojúlówó, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, lórí ṣọ́ọ̀bù oníbàtà. Jagunjagun oníke tí gíga wọn kò ju ìka ọwọ́ lọ ló kún inú rẹ̀. Wọ́n tò sórí pákó bí ọmọ iléèwé, àmọ́ idà wọn, ìbọn wọn àti àṣíborí wọn wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú páálí ìṣáná. Iṣẹ́ ọkùnrin náà ni kó wo irú idà bẹ́ẹ̀, kó sì sọ bóyá òun gan-an ló bá jagunjagun náà wá láyé àtijọ́, tàbí ẹnì kan ló jókòó sílé tó ṣe ayédèrú rẹ̀. Ó mọ iṣẹ́ náà. Ìyọnu ibẹ̀ ni pé òun náà mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yìí, ìyá àgbà kan kanlẹ̀kùn, ó wọlé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó fọwọ́ méjèèjì di báàgì rẹ̀ mọ́ àyà bí ẹni gbé ẹyin.

"Ẹ káàsán o. Ṣé ẹ̀yin ni Ọ̀gá Ojúlówó?"

"Èmi náà ni, Màmá. Ẹ wọlé. Ẹ rọra o, ẹ má tẹ ìbọn mọ́lẹ̀."

Ìyá àgbà fò sẹ́yìn. "Ìbọn kẹ̀?"

"Ó wà lábẹ́ bàtà yín. Ó ti di ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti ń wá a."

Ọ̀gá Ojúlówó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ẹ̀mú gbé nǹkan kan tí kò tó hóró ìrẹsì nílẹ̀, ó fẹ́ ẹ, ó tẹ́ ẹ sórí òwú bí ẹni tẹ́ ọmọ tuntun.

"Ẹ jókòó, Màmá. Kí la lè ṣe fún yín?"

"Aránṣọ ni mí. Ìyá Aránṣọ ni gbogbo àdúgbò ń pè mí. Nǹkan kan ni mo mú wá kí ẹ bá mi wò, kí ẹ sì kọ̀wé lé e lórí pé ayédèrú ni."

Ọ̀gá Ojúlówó ti gbé awò rẹ̀ lé ojú. Ó gbé e kúrò.

"Pé ojúlówó ni, ẹ fẹ́ wí."

"Rárá o. Pé ayédèrú ni."

"Màmá, ogún ọdún rèé tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Àwọn èèyàn máa ń wá síbí, wọ́n á kúnlẹ̀, wọ́n á dọ̀bálẹ̀, wọ́n á fi ìyá mi bẹ̀ mí pé kí n pe ayédèrú ní ojúlówó. Kò tíì sí ẹni tó gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn wá bẹ̀ mí pé kí n pe nǹkan òun ní ayédèrú."

"Èmi rèé. Ẹ bá mi kọ ọ́ kíá, kí n máa lọ. Aago márùn-ún ni ọmọ mi ń ti ibi iṣẹ́ dé, kò sì mọ̀ pé mo mú un kúrò nílé."

"Ẹ jí i ni?"

"Èèyàn ń jí ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ni?"

Ọ̀gá Ojúlówó kò gbọ́ ìyẹn. Ìyá Aránṣọ ti ń ṣí báàgì. Ó mú ìborí kan jáde, ó tú u. Ọ̀rá wà nínú ìborí, ó tú u. Aṣọ ìlékè dúdú kan, irú èyí tí wọ́n ń so mọ́ ọrùn kó máa fẹ́ lẹ́yìn, wà nínú ọ̀rá, kò tóbi ju ewé kan lọ.

Ọkàn Ọ̀gá Ojúlówó fò sókè. Aṣọ ìlékè Balógun Òfuurufú! Nínú gbogbo jagunjagun oníke àtijọ́, kò sí èyí tí àwọn tó ń kó wọn jọ ń lé kiri tó Balógun Òfuurufú. Nínú gbogbo ẹrù Balógun, kò sì sí èyí tó ṣọ̀wọ́n tó aṣọ ìlékè rẹ̀. Irú méjì ló wà láyé, onírọ́bà àti aláṣọ. Ọ̀gá Ojúlówó ló kọ ìwé lórí ọ̀rọ̀ náà, ó sì sọ nínú rẹ̀, láìfepo bọyọ̀, pé aláṣọ nìkan ni ojúlówó.

"Màmá," ó ní, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀, "níbo lẹ ti rí i?"

"Mo rán an."

"Mo ní níbo lẹ ti rí i."

"Nílé. Lórí máṣíìnì mi. Mo rán an fún ọmọ mi nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje."

Ọ̀gá Ojúlówó rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí dókítà máa ń rín nígbà tí aláìsàn bá ń dárúkọ àìsàn ara rẹ̀ fún un.

"Màmá, ẹ má bínú. Ọjọ́ ti pẹ́, orí a máa da nǹkan pọ̀. Aṣọ ọmọ yín lẹ rán. Èyí, iléeṣẹ́ ló rán an."

"Ohun tí ọmọ mi náà wí gẹ́lẹ́ nìyẹn! Ó ní ogbó ló ń dà mí láàmú. Ó ra ìwé yín, ó kà á tán, ó gbé e wá bá mi ní yàrá, ó ní, 'Màmá, ẹ wò ó, ojú ìwé kẹrìnlá, iléeṣẹ́ ló rán an.' Ọjọ́ náà ló gba Balógun àti aṣọ rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó kó wọn sínú àpótí gíláàsì. Ọ̀la ni káfíńtà ń bọ̀ wá kan àpótí náà mọ́ ògiri. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni ọmọ ọmọ mi yìí, Ọ̀gá. Ó ti ń fi Balógun ṣeré láti kékeré. Ní báyìí, ó gbọ́dọ̀ káwọ́ sẹ́yìn kó tó wò ó. Bàbá rẹ̀ ní kó má tiẹ̀ mí sí i lára."

"Bàbá rẹ̀ gbọ́n. Omi máa ń wà nínú èémí ọmọdé."

"Ọ̀gá!"

"Òótọ́ ni. Ó wà nínú ìwé."

"Ó dáa. Ọmọ mi ní ọ̀rọ̀ ẹnu yín nìkan lòun gbà gbọ́. Èmi wá rò ó pé, tó bá jẹ́ ìwé yín ló ti Balógun mọ́lé, ìwé yín náà ni yóò tú u sílẹ̀. Ẹ kọ ọ́ pé ayédèrú ni, kí ọmọ ráyè ṣeré. Kò tán?"

"Èmi kì í kọ ohun tí ojú mi ò rí, Màmá. Ẹ jẹ́ kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀yin ẹ ṣáà máa wò mí."

Ó fọwọ́, ó nu ọwọ́, ó gbé awò lé ojú, ó fi ẹ̀mú gbé aṣọ náà sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Ọ̀gá Ojúlówó fẹ́ràn kí èèyàn máa wo òun lẹ́nu iṣẹ́.

"Òwú dúdú ni wọ́n fi rán gbogbo ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí a bá dé etí òsì, kí la rí? Òwú pupa! Ẹ mọ ìdí rẹ̀?"

"Òwú dúdú ló tán."

"Àmì ìkọ̀kọ̀ ni! Ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ ló pàṣẹ pé òwú pupa ni kí wọ́n fi parí àwọn àkọ́ṣe, kí ẹni tó bá lójú lè dá wọn mọ̀."

"Ọjọ́ Àìkú ni, Ọ̀gá. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló tì. Ọmọ sì ń sunkún."

"Ẹ wá wo ojú rírán. Ẹ bá mi kà á. Ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún, ẹ̀fà, ó fo ọ̀kan. Ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún, ẹ̀fà, ó tún fo. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló ń rán báyìí ní gbogbo àgbáyé. Ojú ìwé mẹ́rin ni mo kọ lórí ẹ̀rọ yẹn."

"Ó wà nílé mi. Ọjọ́ tí a ń kó lọ sílé tuntun ni ọkọ mi gbá a mọ́ ìlẹ̀kùn. Láti ọjọ́ náà, tó bá ti rán mẹ́fà, á kọ́kọ́ sinmi."

"Màmá, ẹ̀rọ kì í sinmi."

"Tèmi ń sinmi. Ó dàgbà jù yín lọ."

Ọ̀gá Ojúlówó fi ìka yí inú aṣọ náà síta. Ara ti ń ta á díẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi ẹ̀rín bò ó.

"Aṣọ inú rẹ̀ rèé. Ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ lórí àwọ̀ eérú. Wọn ò tà á lọ́jà kankan rí. Wọ́n hun ún lọ́tọ̀ fún àwọn tó ń fò lójú òfuurufú, kí òtútù má mú wọn."

"Inú àpò ṣòkòtò ọkọ mi ni."

"Ẹ̀n?"

"Ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀. Mo gé àpò náà, mo sì dákẹ́. Odidi ọ̀sẹ̀ méjì ló fi ń ki kọ́kọ́rọ́ sápò, tí kọ́kọ́rọ́ ń bọ́ sínú bàtà, kó tó yé e pé àpò ò sí níbẹ̀ mọ́. Ó kú láì mọ ẹni tó gé e. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Òórùn rẹ̀ ńkọ́?" Ó gbé aṣọ náà símú, ó fà á sínú, ó di ojú. "Oògùn kòkòrò tí wọ́n fín sí i nínú ọkọ̀ ojú omi."

"Kánfọ̀ ni. Inú àpótí aṣọ mi ló wà kí wọ́n tó bí ọmọ ọmọ mi."

"Màmá, ibi tí mo ti máa fi òpin sí àríyànjiyàn yìí rèé." Ó nawọ́ sí ìkọ́ kékeré kan lọ́rùn aṣọ náà, èyí tí Balógun fi ń dè é. "Ẹ rí irin yìí? Wọn ò rọ irú rẹ̀ mọ́. Awò ò lè dá a mọ̀. Eyín nìkan ló lè dá a mọ̀."

"Ọ̀gá, ẹ má fi sẹ́nu o."

"Ẹ jẹ́ kí n ṣiṣẹ́ mi." Ó ti fi í sáàárín eyín, ó ń rọra jẹ ẹ́, ojú rẹ̀ wà lókè àjà bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò. "Ẹ̀n-ẹ́n. Ó tutù. Ó le. Ó tún wá ní adùn kan tí..."

"Ọ̀gá, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín."

"Kí ló dé gan-an, Màmá?"

"Ìkọ́ kọ́mú mi ni."

Aṣọ dúdú náà ń fì lẹ́nu Ọ̀gá Ojúlówó.

"Kí lẹ pè é?" Kò la ẹnu tó fi bi í.

"Kọ́mú. Èyí tó ti gbó ni o. Mo sì ti fọ̀ ọ́ kí n tó yọ ìkọ́ rẹ̀." Ó ronú díẹ̀. "Mo rò pé mo fọ̀ ọ́."

Ọ̀gá Ojúlówó dìde, ó lọ síbi omi tó wà ní kọ̀rọ̀, ó yọ ẹnu, ó tutọ́, ó tún yọ ọ́. Kì í ṣe ẹnu tirẹ̀ nìkan ló ń rò. Ní ìpàdé ẹgbẹ́ àwọn tó ń kó jagunjagun oníke jọ ní ọdún tó kọjá, ó ti kọ́ èèyàn mọ́kàndínlọ́gbọ̀n bí wọ́n ṣe ń feyín dán ìkọ́ wò. Ìkọ́ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn fi kọ́ ọ. Wọ́n ń gbé e fún ara wọn.

Nígbà tó padà, ó ti nu ẹnu, ó sì ti wá nǹkan tó máa sọ.

"Ó dáa, Màmá. Ká tiẹ̀ ní ẹ̀yin lẹ rán an. Balógun kì í wá láti ṣọ́ọ̀bù láìní aṣọ. Níbo ni èyí tó bá a wá wà?"

"Ti rọ́bà yẹn? Ó gan, ó sì ń rùn bí táyà. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tó fi sán. Mo gé e, mo fi dí ẹnu ìgò epo máṣíìnì."

"Màmá! Ti rọ́bà ni ayédèrú!"

"Ti rọ́bà ló bá a dé látinú páálí. Èmi ni mo fọwọ́ mi ya páálí náà."

Ọ̀gá Ojúlówó gbójú sókè wo ara ògiri. Sísọ́ọ̀sì ńlá kan ló so síbẹ̀, wọ́n fi rìbọ́ọ̀nù sí i lọ́rùn.

"Mo ti gé mẹ́tàlá," ó ní.

"Mẹ́tàlá kí ni?"

"Ti rọ́bà. Mo máa ń gé wọn níwájú ẹgbẹ́, kí ayédèrú má bàa tàn kálẹ̀. Wọ́n máa ń pàtẹ́wọ́. Ọkùnrin kan sunkún, ó ní bàbá bàbá òun ló rà á fún òun. Mo ní kó lọ fara balẹ̀ ka ìwé mi."

"Ó mà ṣe o. Ṣé ó kà á?"

"Ó ra méjì."

Ìyá Aránṣọ mi orí. "Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa ń bá a."

"Kì í ṣe irọ́, Màmá! Bó bá tiẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, àṣìṣe ni."

"Mo gbọ́. Ogún ọdún rẹ̀ ńkọ́?"

Ìyẹn dun Ọ̀gá Ojúlówó wọra. Ó fọwọ́ gbá tábìlì, ìbọn mẹ́rin fò kúrò lórí òwú.

"Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni gbogbo rẹ̀! Òwú lè tán lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rọ ẹnikẹ́ni lè bàjẹ́. Ṣùgbọ́n kókó yìí ńkọ́?" Ó na ẹ̀mú sí ibi tí òwú pupa parí sí. "Ẹ wò ó dáadáa. Ó yí po lẹ́ẹ̀mẹta, ó gba abẹ́ ara rẹ̀ kọjá, ó sì kọjú sẹ́yìn. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi gbìyànjú láti ta irú rẹ̀. Mo pe àwọn aránṣọ mẹ́ta, wọ́n juwọ́ sílẹ̀. Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé kò sí ọwọ́ ọmọ ènìyàn tó lè ta á. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ta á, ẹ ta á kí n rí i!"

"Ẹ fún mi láṣọ."

Ó fún un ní aṣọ ìnujú rẹ̀.

"Ẹ fún mi ní sísọ́ọ̀sì."

Kò sí sísọ́ọ̀sì míì nínú yàrá náà. Ó lọ yọ ti ara ògiri, rìbọ́ọ̀nù àti gbogbo rẹ̀.

Ìyá Aránṣọ yọ abẹ́rẹ́ lára kọ́là bùbá rẹ̀, níbi tó ti gún un tòun tòwú, bí àwọn aránṣọ ṣe máa ń ṣe. Ó gé aṣọ ìnujú náà ní ọ̀nà mẹ́ta, kò wọ̀n ọ́n. Lẹ́yìn náà ló mú abẹ́rẹ́ náà sọ́wọ́ òsì.

"Ọwọ́ òsì lẹ fi ń rán aṣọ?" Ọ̀gá Ojúlówó bi í.

"Láti kékeré. Ìyá mi nà mí títí, ó sú u. Yẹ̀bá díẹ̀, ọmọ mi, o ń dí mi ní ìmọ́lẹ̀."

Látìgbà náà ni kò ti pè é ní "ẹ" mọ́. Bí abẹ́rẹ́ bá ti wọ ọwọ́ Ìyá Aránṣọ, gbogbo ayé ló ń di ọmọdé lójú rẹ̀.

Abẹ́rẹ́ ń wọlé, ó ń jáde. Kò pẹ́ tó fi dé òpin. Ó yí òwú po ìka lẹ́ẹ̀mẹta, ó fi í gba abẹ́ ara rẹ̀, ó fà á sẹ́yìn, ó fi eyín já a.

"Gbà."

Ọ̀gá Ojúlówó gbé awò lé ojú. Ó wo kókó àkọ́kọ́. Ó wo èkejì. Ó nu awò náà, ó tún wò wọ́n. Lẹ́yìn náà ló rọra jókòó, ṣùgbọ́n kò wẹ̀yìn kó tó jókòó, orí páálí ìṣáná kan ló jókòó lé. Wọ́n gbọ́ bí àwọn idà ṣe ń kán níkọ̀ọ̀kan.

"Màmá," ó ní, "mélòó lẹ rán?"

"Ta ló kà á? Gbogbo ọmọ àdúgbò tí rọ́bà tiwọn sán ló ń tò sẹ́nu ọ̀nà mi."

"Ṣé ẹ rán olówùú búlúù?"

"Búlúù, búlúù..." Ìyá Aránṣọ ronú. "Ẹyọ kan. Pupa náà ló tán. Àbíkẹ́yìn oníṣẹ́ iná ni mo rán an fún, ọmọ tí imú rẹ̀ kì í gbẹ yẹn."

Ọ̀gá Ojúlówó nawọ́ sẹ́yìn. Lórí ògiri, nínú gíláàsì tó ní iná tirẹ̀ lọ́tọ̀, aṣọ ìlékè kan wà tí òwú búlúù wà létí rẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo láyé! Ogójì àṣíborí àti ọgbọ̀n idà ló fi ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Fọ́tò rẹ̀ ló wà lẹ́yìn ìwé rẹ̀.

"Òun nìyẹn!" Inú Ìyá Aránṣọ dùn, àfi bí ẹni tó rí ọmọ àdúgbò àtijọ́. "Ó mà tún mọ́ o!"

"Màmá, nǹkan kan wà létí rẹ̀ lápá ọ̀tún, ó ń dán bí fàdákà. Mo kọ ọ́ pé òǹtẹ̀ iléeṣẹ́ ni."

Ìyá Aránṣọ sún mọ́ gíláàsì náà, ó wò ó.

"Fàdákà kọ́, ọmọ mi. Ikun ni."

Nísàlẹ̀, oníbàtà ń kan ìṣó, gbà, gbà, gbà. Ọ̀gá Ojúlówó nu iwájú orí, ó wá aṣọ ìnujú rẹ̀ tì, ó rántí pé wọ́n ti rán an. Ó fa àga sún mọ́ ti ìyá àgbà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ bí àgbà méjì. Ta ló gbọ́ gbogbo èyí? Èmi àti ẹ̀yin ni. Kí ló dé tí a ò fi ní jẹ́ kó ṣì jẹ́ ojúlówó? Orúkọ mi ò ní bàjẹ́. Inú ọmọ yín á dùn. Ọmọ ọmọ yín náà kò ní pàdánù, torí ẹ ti rán òmíràn fún un báyìí. Ẹ mú ti aṣọ ìnujú mi lọ. Mo fi ta yín lọ́rẹ."

"Mo ti rán mẹ́rin fún un. Kò gbà. Ó ní èyí tí Dádì òun fi wọ Balógun lòun fẹ́." Ìyá Aránṣọ gbé ọwọ́ lé orí báàgì rẹ̀. "Fọ́tò kan wà nílé. Ọmọ ọdún méje ni bàbá rẹ̀ nínú rẹ̀, ó gbé Balógun sókè báyìí, eyín iwájú rẹ̀ méjèèjì ti yọ kúrò, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ilé ayé jẹ́ tirẹ̀. Ọmọ náà máa ń wo fọ́tò yẹn, á wá lọ káwọ́ sẹ́yìn níwájú gíláàsì. Lánàá ló bi mí pé, 'Màmá, kí ni Balógun ṣe tí wọ́n fi tì í mọ́lé?' Ó dùn mí, ọmọ mi. Mi ò rán aṣọ yẹn kí ẹnikẹ́ni máa wò ó. Mo rán an kí ọmọ fi ṣeré títí yóò fi ya, tó bá sì ya, kí n tún un rán."

Ọ̀gá Ojúlówó wo ilẹ̀.

"Èmi ò fi ṣeré rí," ó ní.

"Kí lo ò fi ṣeré rí?"

"Balógun. A ò ní in nílé wa. Ojú fèrèsé ni mo ti máa ń wo ti àwọn ọmọ ẹlòmíràn. Nígbà tí mo wá dàgbà tí mo ní in, gbogbo ibi tí wọ́n ti lẹ ike rẹ̀ ni mo mọ̀, mi ò mọ ohun tí wọ́n ń fi í ṣe."

Ọ̀rọ̀ náà ká òun fúnra rẹ̀ lára, nítorí kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Ìyá Aránṣọ kò bá a kẹ́dùn. Ó dìde, ó wo gbogbo pákó yípo, ó mú Balógun kan tó dúró níhòòhò láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó so aṣọ ìlékè tuntun náà mọ́ ọn lọ́rùn.

"Gbà."

"Kí n fi ṣe kí ni?"

"Gbé e fò."

"Níbo?"

"Níhìn-ín. Àbí ó dìgbà tí o bá kọ ọ́ sínú ìwé?"

Ọ̀gá Ojúlówó wo ìlẹ̀kùn. Ó lọ tì í, ó yí kọ́kọ́rọ́ sí i. Ó gbé Balógun sókè díẹ̀, ó sì dúró bẹ́ẹ̀.

"Ó máa ń pariwo," Ìyá Aránṣọ ní.

"Fì," Ọ̀gá Ojúlówó ní, jẹ́jẹ́.

"Ṣé bó ṣe máa dé òfuurufú nìyẹn?"

"Fìì. Fìììì! Fììììììì!"

Balógun gbéra lórí tábìlì, ó kọjá lára àtùpà, ó yí ìyá àgbà po, aṣọ ìnujú ń fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, ó já wálẹ̀ ṣòòròṣò sáàárín páálí àwọn àṣíborí. Àṣíborí fọ́n káàkiri ilẹ̀ yàrá bí àgbàdo tó dànù. Ọ̀gá Ojúlówó kò ṣà wọ́n. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí oníbàtà fi dá iṣẹ́ dúró nísàlẹ̀ kó lè gbọ́.

"Ẹ jókòó, Màmá," ó ní nígbà tó rí èémí mí. "Ẹ jókòó kí n kọ ìwé yín."

Ó fa ìwé tó ní orúkọ rẹ̀ lókè yọ, ó ń kà á sókè bó ti ń kọ ọ́.

"'Èmi, Ọ̀gá Ojúlówó, ti yẹ aṣọ yìí wò. Kì í ṣe iléeṣẹ́ kankan ló rán an. Ìyá ẹni tó ni ín ló rán an, lọ́jọ́ Àìkú, nígbà tí òwú tán. Irọ́ ni ojú ìwé kẹrìnlá.'"

"Àṣìṣe," Ìyá Aránṣọ ní. "Kọ àṣìṣe. Má ba ara rẹ jẹ́ jù."

"'Àṣìṣe ni ojú ìwé kẹrìnlá. Kí wọ́n dá káfíńtà padà. Kí wọ́n fún ọmọ ní ohun ìṣeré rẹ̀ lónìí.'" Ó fọwọ́ sí i, ó lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn, gbàm.

Ìyá Aránṣọ gba ìwé náà. Ó kà á láti òkè délẹ̀, ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ kò tíì balẹ̀.

"Mo mọ ọmọ mi. Tó bá rí èyí, á ní kì í ṣe ìwọ lo kọ ọ́. Á ní ayédèrú ni."

Ọ̀gá Ojúlówó fò dìde, inú bí i dé góńgó.

"Ayédèrú kẹ̀? Ìwé tí mo fọwọ́ ara mi kọ? Kí ló fẹ́ máa yẹ̀ wò lára rẹ̀? Ẹ sọ fún un pé èmi fúnra mi ni mo ní èmi ni mo ṣe é! Ta ló tún lè mọ̀ ọ́n ju ẹni tó ṣe é lọ?"

Ìyá Aránṣọ ká ìwé náà sí mẹ́rin, ó fi í sínú báàgì, ó gbá àwọn àṣíborí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pẹ̀lú bàtà rẹ̀, ó sì ṣí ìlẹ̀kùn.

"Ọmọ mi," ó ní, "ọ̀rọ̀ tí mo gbé gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yìí wá náà nìyẹn."